Ìgbà Tí Mo Máa Ń Fi Akọ Òdòdó Kan Abo Lára Elégédé Ńlá

Bí òdòdó abo àkọ́kọ́, èyí tó ní ọmọ elégédé kékeré nídìí, bá yọ lórí ìtàkùn àgbà elégédé mi, mo máa ń gé e ni. Ìyá mi rí mi nídìí rẹ̀ lórí fídíò WhatsApp láti Ìkirè, wọ́n figbe ta: "Kí lọmọ yẹn ṣe fún ẹ tó o fi ń pa á?" Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Mà, àbúrò rẹ̀ tó máa jù ú lọ ń bọ̀ níwájú."

Wọn ò lẹ́bi. Nílé, ẹ̀yìnkùlé la máa ń sọ kóró elégédé sí, oyin á ṣiṣẹ́ rẹ̀, èyí tó bá so, a jẹ ẹ́. Ní Minnesota tí mo wà yìí, irúgbìn Atlantic Giant ni mo ń gbìn, èyí tí Howard Dill mú jáde ní Nova Scotia, lórílẹ̀-èdè Kánádà. Ìtàkùn kan, ọmọ kan. Travis Gienger, ará ìpínlẹ̀ wa níbí, gbé elégédé tó wọn 1,247 kílò lọ síbi ìdíje elégédé ńlá ní Half Moon Bay ní California lọ́dún 2023. Ọmọ tó tóbi báyẹn kò lè jáde lára ìtàkùn tí ewé rẹ̀ kò pọ̀.

Ewé ló ń se oúnjẹ tí ọmọ ń jẹ. Gbàrà tí ọmọ bá ti mú, ìyẹn ni pé tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni oúnjẹ ń wọ́ lọ, ìtàkùn kò ní fi bẹ́ẹ̀ sáré mọ́. Nítorí náà ni mo ṣe ń fẹ́ kó tó mítà mẹ́ta, ó kéré tán, láti ìdí ìtàkùn dé ibi tí òdòdó náà wà.

Ṣùgbọ́n oṣù Kẹwàá ni wọ́n ń wọn elégédé níbi ìdíje ní Stillwater, ní Minnesota níbí. Láti ọjọ́ 1 oṣù Keje dé ọjọ́ 10 oṣù Kẹwàá, 101 ọjọ́ péré ni. Òdòdó kan á fẹ́ là ní ìparí oṣù Kẹfà ní mítà méjì àbọ̀, òmíràn á sì ti máa yọjú níwájú, tó jẹ́ pé ó ku bí ọ̀sẹ̀ kan kó là. Èwo ni ká mú? Ti iwájú ni tèmi. Ọ̀sẹ̀ tí mo bá fi dúró dè é, ìparí oṣù Kẹsàn-án ni mo ti máa san án, nígbà tí ilẹ̀ ti tutù, tí elégédé ò fi bẹ́ẹ̀ wúwo sí i lójúmọ́ mọ́. Ewé tó bá sì yọ lọ́sẹ̀ yẹn, oṣù Kẹjọ ló máa wúlò, nígbà tí elégédé tó dáa lè fi ogún kílò kún ara rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Bó bá wá ku díẹ̀ kó di ọjọ́ 10 oṣù Keje, mi ò yàn mọ́. Èyí tó bá là ni mo mú.

Ooru náà ní tirẹ̀. Bí ọjọ́ bá gbóná ju 32°C lọ, ọmọ lè rẹ̀ dànù bí akọ tilẹ̀ kan abo dáadáa. Mo máa ń ta aṣọ funfun bò ó kí oòrùn tó mú.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo ti ń mọ̀ pé ọ̀la ni yóò là: ṣóńṣó òdòdó á ti máa pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Mo á fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ dì í, kí oyin má gbé àtíkè akọ wá láti ọgbà aládùúgbò. Láàárọ̀ kùtù, mo á já akọ mélòó kan, mo á ya ewé òdòdó ara wọn dànù, mo á fi àtíkè wọn pa gbogbo ojú abo náà, ìyẹn àwọn ibi tó pín sí láàárín òdòdó, tó ń gba àtíkè. Ojú mẹ́rin ló wọ́pọ̀. Inú mi máa ń dùn bí mo bá rí márùn-ún. Bí a bá fo ojú kan, ọmọ lè wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Mo máa ń ṣe ti ẹ̀yìn náà, èyí tó wà ní mítà méjì àbọ̀, torí kò sẹ́ni tó mọ èyí tó máa mú. Bí méjèèjì bá mú, ti iwájú ni mò ń dá sí, bí ti ẹ̀yìn tilẹ̀ tóbi jù ú lọ lọ́jọ́ tí mo máa gé e.