Abẹ́rẹ́ Àjẹsára ní Ìjẹ̀bú-Òde àti ní Ìlú Ọba

Ìjẹ̀bú-Òde ni mo bí àkọ́bí mi sí, ibẹ̀ náà ló sì ti gba àjẹsára ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14, tí wọ́n kán ti rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ sí i lẹ́nu. Orí bẹ́ǹṣì gígùn ni gbogbo ìyá ọmọ ń jókòó sí, nọ́ọ̀sì á dá orin, a ó sì máa gbè é. Bí wọ́n bá gún ọmọ mi, ọmú ti wà lẹ́nu rẹ̀. Àwọn ìyá tí n kò mọ̀ rí á máa wí pé, "Pẹ̀lẹ́, ọkọ mi," ẹkún á sì ti dá kí n tó gbé e pọ̀n tán. Ní Ìlú Ọba tí a wà báyìí, yàrá kan tó dákẹ́ rọ́rọ́ ni, nọ́ọ̀sì kan, ìyá kan, ọmọ kan. Ní ti ìtùnú, ilé ló ṣáájú lójú mi.

Ṣùgbọ́n àṣà kan wà tí a kó wá láti ilé. Bí ọmọ bá kọ oúnjẹ, ohun tó máa ń yá lẹ́nu wa ni, "Ṣé kí n pe nọ́ọ̀sì kó wá gún ẹ lábẹ́rẹ́?" Èmi náà ń sọ ọ́. Nígbà tí ọmọ yìí pé ọdún 3 àti oṣù 4, tí wọ́n pè wá fún abẹ́rẹ́ tí àwọn ọmọ ń gbà níhìn-ín kí wọ́n tó wọ ilé ìwé, bí ó ti rí síríńjì báyìí, ó kó sábẹ́ àga, ó di ẹsẹ̀ àga mú, ó ń ké pé, "Mọ́mì, mi ò ṣe nǹkan kan! Mo jẹun mi tán!" Ìyà ẹ̀ṣẹ̀ ni ó pe àjẹsára, èmi ni mo sì kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì náà kò fi ipá mú un. Ó ní kí a padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí n má ṣe sọ fún un pé kò ní dùn ún, kí n sì gbé e lé itan, kí n gbá a mọ́ra, dípò kí ẹni méjì dì í mọ́lẹ̀ bí a ti ń ṣe nílé. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, bèbí ni ọmọ mi fúnra rẹ̀ ń gún ní abẹ́rẹ́, tó ń fi òwú tẹ ojú ibẹ̀, tó ń wí fún un pé, "Pẹ̀lẹ́, ọkọ mi."

Lọ́jọ́ tí a padà lọ, ó sunkún díẹ̀ lórí itan mi, èmi sì kọ orin ilé ìwòsàn Ìjẹ̀bú-Òde sí i létí. Nígbà tí a pe màmá mi lórí fóònù lálẹ́, ọmọ mi na apá rẹ̀ síwájú, ó ní, "Màmá àgbà, ó dùn mí, ó sì ti tán."