Gìtá kíláásíkà nínú jáàsì àti orin Bràsíl: ọwọ́ ọ̀tún ni ẹ kọ́kọ́ tún kọ́

Ẹni tó ti kọ́ gìtá kíláásíkà dáadáa, tó wá fẹ́ máa ta á pẹ̀lú àwọn olórin jáàsì tàbí àwọn onísáḿbà, sábà máa ń rò pé kọ́ọ̀dù ni òun kò tíì mọ̀. Á ra ìwé kọ́ọ̀dù, á kọ́ wọn há sórí, ṣùgbọ́n tó bá jókòó ti onílù, orin náà kò ní í jó. Ẹ̀kọ́ tó ṣe pàtàkì jù tí mo kọ́ nínú iṣẹ́ yìí ni pé ọwọ́ ọ̀tún la ó tún kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, pàápàá àtàńpàkò. Ọwọ́ òsì ti mọ púpọ̀ nínú ohun tí a nílò.

Nínú orin kíláásíkà, a máa ń fa àkókò gùn, a máa ń dá a dúró díẹ̀ kí orin lè mí. Àtàńpàkò ń dúró de orin tó wà lókùn òkè. Nínú sáḿbà, orin ijó Bràsíl, àti bossa nova tó jáde láti inú rẹ̀, àtàńpàkò kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Òun ni ìyá ìlù tó di ilẹ̀ mú, àwọn ìka yòókù ló ń ṣeré yí i ká. Ẹ gbọ́ Baden Powell, ọmọ Bràsíl tó kọ́ gìtá lọ́dọ̀ Jayme Florence tí wọ́n ń pè ní Meira. Ní 1966, òun àti akéwì Vinicius de Moraes gbé àwo kan jáde tí orin inú rẹ̀ ń ké sí Ọ̀sanyìn, Ṣàngó àti Yemọja. Tí ẹ bá gbọ́ àwo náà, ẹ má kọ́kọ́ wá kọ́ọ̀dù inú rẹ̀. Okùn kẹfà, ìkarùn-ún àti ìkẹrin, àwọn tó nípọn tí àtàńpàkò ń ta, ni kí ẹ fetí sí, kí ẹ gbọ́ bí wọn kì í yẹsẹ̀. Bákan náà ni Charlie Byrd ti Amẹ́ríkà, tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Segovia, àgbà olùta gìtá kíláásíkà ọmọ Sípéènì, ní Ítálì ní 1954, kó tó di pé òun àti Stan Getz tó ń fọn saksofóònù gba orin bossa nova sílẹ̀ ní Washington ní 1962. Ìka kíláásíkà ló fi ta á, ṣùgbọ́n àkókò rẹ̀ kì í ṣe ti kíláásíkà mọ́.

Ibi tí mo máa ní kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ẹ mú báà méjì nínú 2/4 (bíìtì méjì nínú báà kọ̀ọ̀kan), kí ẹ pín wọn sí ọ̀nà 16 tó dọ́gba. Àtàńpàkò (p) yóò ta 1, 5, 9 àti 13. Ìka i (ìtọ́ka), m (àárín) àti a (ti òrùka) yóò jọ ta okùn mẹ́ta pa pọ̀ ní 1, 4, 7, 11 àti 14. Ẹ wò ó dáadáa: ní 1 nìkan ni wọ́n ti pàdé. Níbi tó kù, bí ọ̀kan bá ń sọ̀rọ̀, èkejì dákẹ́. Ẹ fi ọwọ́ òsì bo okùn kí ó má dún, kí ó jẹ́ pé ìró ìlù nìkan lẹ ń gbọ́. Ẹ fi metronome, ẹ̀rọ tó ń ka bíìtì, sí 50 ní ìṣẹ́jú kan, kí ìró rẹ̀ kọ̀ọ̀kan bọ́ sí ibi àtàńpàkò. Ẹ máa fi ẹnu ka nọ́ńbà náà jáde. Ẹni tí kò bá lè fi ẹnu kà á kò tíì mọ̀ ọ́n, bó ti wù kí ọwọ́ rẹ̀ yá tó.

Ohun mẹ́rin ló máa ń bà á jẹ́. Èkíní, àtàńpàkò máa ń pẹ́ dé ní 5, torí pé àwọn ìka ṣẹ̀ṣẹ̀ ta 4, gbogbo ọwọ́ sì fẹ́ sinmi lẹ́yìn wọn. Ojútùú rẹ̀ ni kí àtàńpàkò ti kan okùn rẹ̀ kí ìka tó ta 4. Èkejì, a máa ń tẹ 1 mọ́lẹ̀ jù. Nínú sáḿbà, surdo, ìlù ńlá wọn, bíìtì kejì ló máa ń wúwo sí. Nítorí náà 5 àti 13 ni kí ẹ fi agbára sí, kí 1 àti 9 rọ̀. Ẹ̀kẹta ni àṣà kíláásíkà pé kí a da kọ́ọ̀dù sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ó dùn nínú orin ìgbà àtijọ́, ṣùgbọ́n níbí, tí ìka mẹ́ta kò bá jáde lẹ́ẹ̀kan náà, kò sẹ́ni tó lè mọ̀ bóyá 4 lẹ ta tàbí 5. Ẹ̀kẹrin ni pé kọ́ọ̀dù máa ń dún pẹ́ jù. Lẹ́yìn tí ẹ bá ta á, ẹ dẹ ọwọ́ òsì díẹ̀, láìgbé ìka kúrò lórí okùn, kí ìró náà gé. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn wà lára ìlù.

Nígbà tí èyí bá ti dúró, tí ẹ lè ṣe é fún ìṣẹ́jú márùn-ún láìṣi, ẹ wá lọ sí agogo.

Agogo tí mò ń sọ ni èyí tó ń lọ lórí 12: ó ń dún ní 1, 3, 5, 6, 8, 10 àti 12. Ẹni tó bá dàgbà sí ilẹ̀ Yorùbá ti gbọ́ ọ kó tó mọ̀ pé a lè kọ ọ́ sílẹ̀. Ó wà ní Cuba nínú bẹ̀ǹbẹ́, ó sì wà ní Bahia ní Bràsíl nínú ilé Candomblé (ẹ̀sìn òrìṣà tiwọn) àwọn Kétu, níbi tí wọ́n ṣì ń pe irin náà ní agogô. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe gbà pé olùta gìtá tó jẹ́ Yorùbá ní ohun kan lọ́wọ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Vienna tàbí Boston ń fi ọ̀pọ̀ ọdún wá. Kí a má fi í tàfàlà.

Lórí gìtá, ẹ jẹ́ kí àtàńpàkò ta 1, 4, 7 àti 10, kí ìka ta agogo lórí okùn kìíní. Wọ́n ó pàdé ní 1 àti 10. Ìṣòro tó máa yọjú kì í ṣe ti etí, ti ìka ni. A ti kọ́ wa pé kí i àti m máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn. Ṣùgbọ́n ìró agogo jẹ́ méje, méje kò sì ṣe é pín sí méjì: tí ẹ bá fi m bẹ̀rẹ̀, i ni yóò bẹ̀rẹ̀ yípo kejì, ohun tó bá ti rọrùn ní yípo àkọ́kọ́ yóò wá dojú rú. Ohun tó yẹ ni kí m ta 1 àti 3, nítorí àyè wà láàárín wọn, kí i ta 5, m ta 6, i ta 8, m ta 10, i ta 12. Yípo tó ń bọ̀ yóò tún bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú m. Ìka kan kò ní í ta ibi méjì tó so mọ́ra, yálà 5 àti 6, tàbí 12 àti 1 tó tẹ̀lé e. Ẹ kọ ọ́ sórí bébà kí ẹ tó fọwọ́ kan gìtá.

Ijexá náà ń bẹ, ìlù tó gba orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn Ìjẹ̀ṣà. Òun ni àwọn ẹgbẹ́ afoxé bíi Filhos de Gandhy, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Salvador ní 1949, ń lù lójú pópó. Ó rọ̀ ju sáḿbà lọ, agogo olójú méjì ló ń darí rẹ̀. Ẹ má gba àkọsílẹ̀ rẹ̀ gbọ́ tán. Etí ni kí ẹ fi kọ́ ọ.

Nípa jáàsì fúnra rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé bossa nova kì í fì bíi jáàsì: nóòtì rẹ̀ dọ́gba, ẹni tó bá ń fì í ń ba á jẹ́ ni. Nínú jáàsì tó ń fì, nóòtì méjì inú bíìtì kan kì í dọ́gba. Àkọ́kọ́ máa ń gba nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta, ìkejì á gba ìyókù. Bí orin bá ti ń yára sí i, tó kọjá nǹkan bí 200 bíìtì ní ìṣẹ́jú kan, wọ́n á túbọ̀ máa dọ́gba. Ẹ fi metronome sí 60, kí ẹ ka ìró rẹ̀ sí bíìtì 2 àti 4. Orin yín wà ní 120 nìyẹn. Kí ìlà sóló yín tó lè dún bíi jáàsì, ẹ yí ibi tí ẹ ti ń so nóòtì pọ̀ padà. Kíláásíkà kọ́ wa láti ta nóòtì orí bíìtì, kí ọwọ́ òsì mú èyí tó tẹ̀lé e jáde. Nínú jáàsì, ẹ ta èyí tó wà láàárín bíìtì, kí ọwọ́ òsì mú èyí tó bọ́ sórí bíìtì jáde. Àtúnṣe kékeré ni, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹ bá ṣe é ni àwọn olórin jáàsì á gbójú sókè wò yín.

Kọ́ọ̀dù kò pọ̀ tó bí a ṣe ń rò. Mẹ́ta rèé tí mo máa ń fún ẹnikẹ́ni tó bá bi mí. Dm9: okùn 5 ní fírẹ́ẹ̀tì (irin tó dábùú ọrùn gìtá) 5, okùn 4 ní 3, okùn 3 ní 5, okùn 2 ní 5. G13: okùn 6 ní 3, okùn 4 ní 3, okùn 3 ní 4, okùn 2 ní 5. Cmaj9: okùn 5 ní 3, okùn 4 ní 2, okùn 3 ní 4, okùn 2 ní 3. Okùn kìíní kò sí nínú rẹ̀ rárá. Láti Dm9 sí G13, yàtọ̀ sí ohùn ìsàlẹ̀, okùn 3 nìkan ló sún, fírẹ́ẹ̀tì kan péré. Ìka kékeré yín kò kúrò lórí okùn 2. Láti G13 sí Cmaj9, okùn 4 sọ̀kalẹ̀ ní fírẹ́ẹ̀tì kan, okùn 2 sọ̀kalẹ̀ ní méjì. Kò sí nóòtì karùn-ún nínú ọ̀kankan nínú wọn, kò sì sẹ́ni tó máa wá a. Ẹni tó kọ́ Bach ti mọ bí ohùn kan ṣe ń rìn lọ sí èkejì. Ìmọ̀ yẹn gan-an ni ẹ ó lò. Ẹ gbé e lọ sí kíì méjìlá, kí ẹ fi ìlù 16 tòkè yẹn ta á.

Bí ẹni tó ń ta bẹ́ẹ̀sì bá wà lórí ìtàgé, ẹ fi okùn 6 àti 5 sílẹ̀ fún un. Ohùn ìsàlẹ̀ méjì tí kò bára mu á sọ gbogbo orin di ẹrẹ̀. Àtàńpàkò yín kò ní í dẹ́kun o. Ẹ jẹ́ kó máa kan okùn tí a ti fi àtẹ́lẹwọ́ bò, kí ẹ̀yin nìkan máa gbọ́ ọ.

Tó bá wá jẹ́ orin Yorùbá lẹ fẹ́ mú wọ inú jáàsì, ìkìlọ̀ kan wà níbẹ̀ tí n kò rí nínú ìwé jáàsì kankan. Orin wa ń tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá lọ láti òkè sí ìsàlẹ̀, tí ẹ gbé orin lọ sókè nítorí pé kọ́ọ̀dù tuntun yín bá ibẹ̀ mu, ẹni tó gbọ́ Yorùbá á gbọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn, bí a kò tilẹ̀ kọ ọ́ lẹ́nu. Kọ́ọ̀dù ni kí ẹ yí, kì í ṣe orin. Nígbà tí sóló bá dé, ẹ lè rìn lọ síbi tó wù yín. Bí ẹ bá sì fẹ́ kí gìtá fọhùn bíi gángan, ẹ má wulẹ̀ máa fa okùn sí ẹ̀gbẹ́ bíi ti gìtá oníná. Okùn náílọ́ọ̀nù kì í yí ohùn púpọ̀ báyẹn. Ẹ fi ìka yọ́ láti fírẹ́ẹ̀tì kan sí òmíràn, kí ẹ má ta nóòtì kejì. Lionel Loueke, ọmọ Bẹ̀nẹ̀ tó ń ta gìtá jáàsì kárí ayé, máa ń fi bébà há àárín okùn kí ó lè dún bí ohun èlò ìbílẹ̀. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ nítòsí bríjì, igi tí wọ́n so okùn mọ́ lórí àyà gìtá, pẹ̀lú bébà tí ẹ ṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun èlò wá kù. Ọrùn gìtá kíláásíkà sábà máa ń fẹ̀ ní 52 mm lókè. Ọrùn 48 mm wà fún àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n n kò rò pé ó pọn dandan. Ọwọ́ tó ti mọ 52 kò ní ìdí láti ṣí lọ. Okùn tó le ni kí ẹ lò tí ẹ bá ń bá dírọ́ọ̀mù ṣeré, torí ó ń yára dáhùn ju èyí tó rọ̀ lọ. Okùn kẹrin ló máa ń kọ́kọ́ gbó, ẹ ra èyí tó pọ̀ pamọ́. Èékánná tó yọ 1 sí 2 mm kọjá ẹran ìka ti tó fún ìlù. Èyí tó gùn jù bẹ́ẹ̀ máa ń há. Nígbà ọyẹ́, èékánná àti igi gìtá ló jọ ń gbẹ. Ẹ fi gìtá sínú àpótí rẹ̀, kí ọ̀rinrin inú ibẹ̀ wà láàárín 45 sí 55 nínú ọgọ́rùn-ún.

Lórí ìtàgé, ariwo húù tí gìtá onígi máa ń ké kì í ṣe ẹjọ́ ẹni tó ń darí ẹ̀rọ. Afẹ́fẹ́ inú gìtá fúnra rẹ̀ ló ń dún, ní nǹkan bí 100 Hz, òun àti gbohùngbohùn sì ń dá ara wọn lóhùn. Ẹ gé gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ 80 Hz, torí okùn kẹfà tí a kò tẹ̀ wà ní 82. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ibi tó ti ń ké láàárín 90 sí 110, kí ẹ gé ibẹ̀ tóóró, kì í ṣe gbogbo ohùn ìsàlẹ̀. Bí ariwo bá kù síbẹ̀, ẹ fi ìdérí rọ́bà dí ihò gìtá. Máìkì dára ju ẹ̀rọ abẹ́ sádù (ẹ̀rọ agbóhùn tó wà lábẹ́ eegun tí okùn jókòó lé ní bríjì) lọ bí onílù bá ń lo ọwọ́ tàbí búrọ́ọ̀ṣì: ẹ gbé e sí 20 sí 30 cm níwájú fírẹ́ẹ̀tì 12, kí ó má kọjú sí ihò. Bí ó bá jẹ́ igi ni onílù ń lò, ẹ̀rọ abẹ́ sádù nìkan ni kí ẹ gbára lé, kí ẹ sì dín ohùn òkè rẹ̀ kù, torí ó máa ń gbẹ létí nígbà tí ìka mẹ́ta bá jọ jáde.