Ta Ló Sọ Pé Kí Wọ́n Ṣí Ibodè?

Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà pé ó fẹ́ kí ìrẹsì dínwó. Olùkọ́ ni mí ní Adó-Èkìtì, owó oṣù ni mo fi ń jẹun, ara mi sì máa ń bù máṣọ nígbà tí owó kọ́ńgò ìrẹsì kan bá fò sókè láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n ọmọ Ìgbẹ́mọ ni mí. Oko ìrẹsì ló rán mi níléèwé. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ká ṣí ibodè sílẹ̀ fún oúnjẹ òkèèrè láìgba owó fi máa ń ká mi lára, pàápàá tó bá jẹ́ pé ìjọba tó ṣèlérí fún àgbẹ̀ náà ló tún ń ṣí i.

A ń sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ àwọn aṣòfin ní kíláàsì SS2 nígbà tí ọmọbìnrin kan nawọ́. Ó ní, "Ẹ̀yin olùkọ́ wa, tí ìjọba bá yẹ àdéhùn, níbo gan-an ni wọ́n ti máa ń bi wọ́n léèrè?" Ìtàn Robert Peel, olórí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà kan, ni mo fi dá a lóhùn, àtọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ọ̀hún kò sì kúrò lọ́kàn mi.

Ní 1815, ilé aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin tó ń dí àlìkámà òkèèrè lọ́nà kí tàwọn onílẹ̀ wọn lè máa pawó. Ó dùn mọ́ onílẹ̀, ó sì korò lẹ́nu òṣìṣẹ́, torí búrẹ́dì wọ́n gógó. Richard Cobden àtàwọn èèyàn rẹ̀ ní Manchester gbógun ti òfin yìí fún ọdún pípẹ́. Ní 1841, ẹgbẹ́ Peel wọlé ìbò, ohun tí àwọn onílẹ̀ tó dìbò fún wọn sì gbọ́kàn lé ni pé kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kan òfin náà. Nígbà tó di 1845, àrùn kọlu ọ̀dùnkún ní Ireland, ebi sì dé. Ní ọjọ́ 27 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1846, Peel dìde nínú ilé, ó ní òun máa mú owó ibodè náà kúrò díẹ̀díẹ̀.

Ojú rẹ̀ rí nǹkan. Disraeli, ọmọ ẹgbẹ́ Peel fúnra rẹ̀, dójú sọ ọ́ pé ó dalẹ̀ àwọn tó gbé e dépò. Wọ́n jiyàn jiyàn, ó di ọjọ́ 15 oṣù Èbìbí kí wọ́n tó dìbò ìkẹyìn: 327 fara mọ́ ọn, 229 kò fara mọ́ ọn. Nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ẹgbẹ́ tirẹ̀ ló kọ̀ ọ́. Lóṣù Òkúdù, ní ọjọ́ 25 tí ilé àwọn ọlọ́lá fọwọ́ sí i, alẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n fi àbá mìíràn lórí Ireland rẹ̀yìn rẹ̀. Ó kọ̀wé fipò sílẹ̀ ní ọjọ́ 29.

Mi ò sọ ọ́ láti yìn wọ́n. Ilé tí obìnrin àti púpọ̀ nínú àwọn tálákà ò lè dìbò fún ni, òfin yẹn kò sì gba Ireland sílẹ̀. Nǹkan bí mílíọ̀nù kan èèyàn ló kú níbẹ̀. Ohun tí mo rí fà yọ níbẹ̀ fún ọmọbìnrin yẹn ni pé Peel yẹ àdéhùn níwájú àwọn tó bá a ṣe é. Ó dúró, ó sọ ìdí, wọ́n kọ orúkọ ẹni tó gbà àti ẹni tó kọ̀ sínú ìwé, ó sì fi ipò rẹ̀ san gbèsè ohun tó ṣe.

Ẹ wá wo tiwa. Ní ọjọ́ 8 oṣù Agẹmọ 2024, láti ẹnu mínísítà ọ̀rọ̀ ọ̀gbìn, Abubakar Kyari, la ti gbọ́ ọ pé fún 150 ọjọ́, àgbàdo, àlìkámà, ẹ̀wà àti ìrẹsì tí wọn ò tíì fọ̀ funfun máa wọlé láìsan owó ibodè. Ìdí wà fún un lóòótọ́: lóṣù Òkúdù ọdún náà, owó oúnjẹ ti fi lé ní 40 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ọdún tó ṣáájú lọ. Akinwumi Adesina, tó ti ṣe mínísítà ọ̀gbìn rí, sọ ọ́ ní gbangba pé kò dáa. Nígbà tó yá, ìparí ọdún, ọjọ́ 31 oṣù Ọ̀pẹ, ni wọ́n fi àǹfààní náà sí. Oṣù Ọ̀wàrà sí Bélú ni àwa máa ń kórè n'Ígbẹ́mọ.

Ẹ̀gbọ́n màmá mi ṣì ń ṣe ìrẹsì. Tí wọ́n bá pa á tán, á rẹ ẹ́ sómi, á bọ̀ ọ́ nínú dúrọ́ọ̀mù títí èèpo rẹ̀ á fi la ẹnu díẹ̀, á sá a sórí tápólì, á wá jókòó tì í tòun ti ọ̀pá lọ́wọ́ nítorí ewúrẹ́. Bó bá sá a jù, á fọ́ yángá nínú ẹ̀rọ. Bí kò bá sì gbẹ tó, á bu. Eyín ló fi máa ń dán an wò. Á ju hóró kan sẹ́nu, á gé e, á tẹ́tí sí bó ṣe dún. Iṣẹ́ yìí kọjá kékeré, òkúta wẹ́wẹ́ tó ń bá a rìn ló sì ń jẹ́ kí ará ìlú ńlá sá fún un. Ẹ̀rọ tó ń ṣa òkúta kúrò wà láyé. Àwọn tó wá tọrọ ìbò lọ́wọ́ wa ti fi ṣèlérí láìmọye ìgbà, a ṣì ń wọ̀nà.

Ohun tó dùn ún jù lọ́dún 2024 ni pé kó tó di pé ẹnikẹ́ni rí àpò ìrẹsì òkèèrè kankan, àwọn oníbàárà rẹ̀ ti ń dá iye sílẹ̀. "Màmá, ẹ ò gbọ́ rédíò ni? Ìrẹsì ń bọ̀ o." Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ti gba owó lápò rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ìlérí ńlá ńlá ló ṣáájú. Ní Maputo lọ́dún 2003, ìjọba ilẹ̀ Áfíríkà, tiwa náà wà níbẹ̀, ṣèlérí pé láàárín ọdún márùn-ún, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó ìnáwó ìjọba máa lọ sórí ọ̀gbìn. Abuja kò tíì dé ibẹ̀. Ní 2015 wọ́n gbé ètò ẹ̀yáwó àgbẹ̀ kalẹ̀ ní Birnin Kebbi. Ní oṣù Ògún 2019 wọ́n ti ibodè orí ilẹ̀ pa nítorí tiwa, wọ́n ní. Ní oṣù Ọ̀pẹ 2020 wọ́n ṣí i. Láàárín ìgbà méjèèjì yìí náà ni Nàìjíríà fara mọ́ àdéhùn òwò ọ̀fẹ́ ilẹ̀ Áfíríkà, tí ààrẹ ìgbà náà ti kọ́kọ́ bu ọwọ́ lù ní Niamey ní ọjọ́ 7 oṣù Agẹmọ 2019, lẹ́yìn tó ti kọ̀ láti lọ sí Kigali lọ́dún tó ṣáájú nítorí igbe àwọn oníléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Mi ò ní kí wọ́n má ṣe é. Bí ọ̀nà bá dáa tí ẹ̀rọ sì wà, ìrẹsì wa lè dé Kùtọnu. Àgbẹ̀ kò kàn lè fi ọdún kan gbìn sórí ìbodè títì kó sì fi èkejì kórè sórí ìbodè ṣíṣí.

Abala 12 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 sọ pé àdéhùn pẹ̀lú orílẹ̀-èdè mìíràn kò lágbára òfin láìjẹ́ pé ilé aṣòfin àpapọ̀ sọ ọ́ di òfin. Tí ilé bá lẹ́nu lórí àdéhùn, ó yẹ kó lẹ́nu lórí ibodè tí wọ́n ṣí lásìkò ìkórè. Kí wọ́n sì má fi ariwo "bẹ́ẹ̀ ni" àti "rárá" parí rẹ̀, níbi tí a kì í ti í mọ ẹni tó pariwo èwo. Kí wọ́n pe orúkọ, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọmọ Ìyìn-Èkìtì ni Ọ̀pẹ́yẹmí Bámidélé, olórí àwọn ọmọ ilé aṣòfin àgbà (Senate Leader) lónìí, ìjọba ìbílẹ̀ kan náà sì ni Ìyìn àti Ìgbẹ́mọ. Òun la kọ lẹ́tà sí. A ní kí wọ́n má ṣe ṣí ibodè fún ìrẹsì mọ́ láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ jíròrò rẹ̀ nínú ilé, kí ìjọba sì mú àkọsílẹ̀ ohun tó ti ṣe nínú ìlérí rẹ̀ fún àgbẹ̀ dání wá síbẹ̀. Àwọn tó ń ṣe ìrẹsì n'Ígbẹ́mọ ti ń fọwọ́ sí i, àwọn tí kò mọ̀wé ń tẹ ìka. Ẹni tó bá fẹ́ fi orúkọ tirẹ̀ kún un kó tó lọ, ìwé náà wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n màmá mi nídìí ẹ̀rọ tí wọ́n ti ń bó ìrẹsì.