Ẹ jẹ́ kí orin kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ọmọ náà á sọ tiẹ̀ tó bá yá

Tẹ́ ẹ bá wọ gúrúùpù tuntun lórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí, WhatsApp o, Discord o, Telegram o, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n á sọ fún yín ni pé "ẹ káàbọ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ orúkọ yín, ibi tẹ́ ẹ ti wá àti iṣẹ́ tẹ́ ẹ̀ ń ṣe." Ọ̀pọ̀ èèyàn á tẹ̀ ẹ́ kíá, wọ́n á fi emoji ẹ̀rín sí i, ó parí. Àmọ́ ọmọ kan wà tó jẹ́ pé ibẹ̀ yẹn gan-an ló máa há sí. Á kọ ọ́, á pa á rẹ́, á tún un kọ, á máa rò ó pé ṣé "ẹ káàárọ̀" ni kóun sọ àbí "báwo ni", ṣé wọn ò ní fi òun rẹ́rìn-ín báyìí, àwọn tó kù sì ti ń rí i lókè pé ó ń tẹ nǹkan lọ, ó ń tẹ nǹkan lọ, nǹkan kan ò sì jáde. Tó bá dòru, á rọra jáde kúrò níbẹ̀.

Ọmọ yẹn ni mo tìtorí ẹ̀ ń kọ èyí. Èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi kan la jọ ń ya bí ibì kan ṣe máa rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ibi tí wọ́n á ti máa gbọ́ orin tí wọ́n á sì ti máa kọ ọ́, fún àwọn ọ̀dọ́ tí àyà wọn máa ń já tí wọ́n bá ti wà láàárín èèyàn, ohun tó sì wà lọ́kàn mi ò ju ẹyọ kan lọ: kí ẹni tó wọlé ti rí nǹkan ṣe kí ẹnikẹ́ni tó bi í pé ta ni.

Kì í ṣe ìtìjú lásán ni mò ń sọ o. Ìtìjú, kò sẹ́ni tí ò ní i, àwọn àgbà wa gan-an máa ń yin ọmọ tó bá ń tijú. Èyí tí mò ń sọ làwọn dókítà ń pè ní social anxiety, ọdún 1980 ló wọ ìwé tí àwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà fi ń dá àìsàn mọ̀, social phobia ni wọ́n ń pè é nígbà yẹn, ìgbà tí ọmọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bàlágà ló sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ á máa gbọ̀n, òógùn á bò ó, ohùn á há sí i lọ́fun. Tí tíṣà bá sọ pé ó máa dìde kàwé ní kíláàsì lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, láti Mọ́ńdè ni ò ti ní rí oorun sùn, tó bá sì kà á tán kò tíì tán o, á dùbúlẹ̀ lálẹ́ á máa tún gbogbo ẹ̀ rò, ibi tóun ti kólòlò, ẹni tó wo òun, ẹni tó rẹ́rìn-ín. Nílé ńkọ́? Àlejò dé, wọ́n ní kó wá kí wọn, ó kúnlẹ̀, ohùn ò jáde, màmá ẹ̀ á ní "ṣé o ò lẹ́nu ni?", ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ̀ á ní ìgbéraga ló ń ṣe é, wọn ò kọ́ ọ nílé. Ó máa ń dùn mí gan-an, torí ọmọ yẹn ti kí wọn lọ́kàn ẹ̀ láìmọye ìgbà kó tó jáde ní yàrá.

Lọ́dún 1995, David Clark àti Adrian Wells, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, ṣàlàyé nǹkan kan tó là mí lójú. Wọ́n ní ẹni tí irú ẹ̀rù yìí ń bà, tó bá ti dé àárín èèyàn, ọkàn ẹ̀ á kúrò lára àwọn tó wà níwájú ẹ̀, á yí padà sára òun fúnra ẹ̀, á wá máa wo ara ẹ̀ bí ẹni pé ìta ló wà, bó bá sì ṣe rí ara ẹ̀ yẹn, á gbà pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ayé ṣe ń rí òun. Ìdí tí mo fi gbà pé orin ló yẹ ká fi bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Tí orin bá ti ń lọ, nǹkan kan ti wà láàárín tí gbogbo wa jọ ń gbọ́, ojú ti kúrò lára ọmọ náà, ojú tiẹ̀ náà á sì rọra kúrò lára ara ẹ̀. Ẹ wo agbo onídùndún, ìyáàlù ló ń sọ̀rọ̀, òun ló ń ki èèyàn, àmọ́ ẹni tó ń lu omele ò ki ẹnikẹ́ni, ó di tiẹ̀ mú bẹ́ẹ̀ ló ń lù ú lọ, síbẹ̀ tó bá dáwọ́ dúró, ìlù ti dàrú nìyẹn. Bí olómele ni mo fẹ́ kí ọmọ wa wọlé.

Yàrá àkọ́kọ́ tá a yà, ibi ìgbọ́rin lásán ni. Orin kan ṣoṣo ló ń lọ, gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ń gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí pé wọ́n ń kí ẹ káàbọ̀, kò sí orúkọ, kò sí fọ́tò, bọ́ọ̀lù kékeré kan báyìí tó láwọ̀ ni wọ́n máa fún ẹ, tó o bá fọwọ́ kàn án á máa mì. Turntable.fm, ìkànnì kan táwọn èèyàn ti jọ ń gbọ́ orin, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2011, la ti kọ́ èyí. Àwọn ère kéékèèké ló wà níbẹ̀, tí orin bá dùn mọ́ ẹ wàá tẹ bọ́tìnnì kan, orí ère tìẹ á bẹ̀rẹ̀ sí í mì, o ò sọ nǹkan kan, àmọ́ ẹni tó fi orin yẹn síbẹ̀ ti rí i pé ẹnì kan ń bá òun gbádùn ẹ̀. Ìyẹn dáa púpọ̀. Èyí tí mi ò lè gbà láé ni bọ́tìnnì kejì, èyí tí wọ́n fi ń sọ pé orin ò dáa, torí tí àwọn tó tẹ̀ ẹ́ bá ti pọ̀ tó, orin náà á gé dànù lójú gbogbo èèyàn. Ẹ wo ọmọ tó ti ń rò ó látàárọ̀ pé orin wo lòun máa fi síbẹ̀, tó mọ́kàn le tó fi í síbẹ̀, tí wọ́n wá gé e. Kò ní padà wá mọ́ láé.

Láìkì náà, a yọ ọ́. Iye ẹni tó gbọ́, àmì pé ẹnì kan ń tẹ nǹkan lọ, pé ó ti rí mẹ́sẹ́ẹ̀jì, ìgbà tó wọlé kẹ́yìn, a yọ gbogbo ẹ̀. WhatsApp pàápàá, ọdún 2022 ni wọ́n tó ṣe é kó jẹ́ pé ádímìn nìkan ni wọ́n máa sọ fún tí èèyàn bá jáde, ṣáájú ìgbà yẹn gbogbo gúrúùpù ni wọ́n ń sọ fún. Lọ́dọ̀ tiwa kò sẹ́ni tó máa rí i rárá, tó o bá sì padà dé lẹ́yìn oṣù mélòó kan, kò sẹ́ni tó máa bi ẹ́ pé níbo lo wà. Àwọn ádímìn kan sì wà tí wọ́n máa ń kọ ọ́ pé "ẹ̀yin tẹ́ ẹ kì í sọ̀rọ̀, a máa yọ yín lọ́jọ́ Jímọ̀." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yéé ṣe bẹ́ẹ̀. Jakob Nielsen, ẹni tó máa ń ṣèwádìí nípa bí èèyàn ṣe ń lo íntánẹ́ẹ̀tì, ti kọ ọ́ látọdún 2006 pé nínú ẹni 100 tó bá wà nírú ibi báyìí, bíi 90 ló máa ń wò lásán, bíi 9 á máa dá sí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹyọ 1 ló máa ń sọ èyí tó pọ̀ jù. Àwọn tó dákẹ́ ló pọ̀, ṣé àwọn náà kọ́ ló ni ibẹ̀ ni?

Yàrá kejì la ti gbà kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀, bíi ti SoundCloud, tó jẹ́ pé ibi tó o bá fẹ́ gan-an lára orin lo máa lẹ ọ̀rọ̀ ẹ mọ́. Ẹni tí ò lè sọ fún ẹnikẹ́ni pé "mo níbànújẹ́" lè kọ ọ́ sí 1:42 pé "ẹ gbọ́ bí gìtá yẹn ṣe wọlé níbí", ẹlòmíì á kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé "ibẹ̀ yẹn ló máa ń pa mí", wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ nìyẹn o, kò sì sẹ́ni tó ní kí wọ́n sọ̀rọ̀.

Ibi tí ọkàn mi wà jù ni yàrá kẹta, ibi tí wọ́n ti ń kọrin. Kí wọ́n jọ máa kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà ò ṣeé ṣe, torí tí ohùn bá ti ń pẹ́ ju bíi mìlísẹ́kọ́ńdì 30 lọ kó tó dé etí ẹnì kejì, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í dúró de ara wọn, orin á máa falẹ̀, nẹ́tíwọ̀kì fóònù tiwa sì máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Eric Whitacre, ará Amẹ́ríkà tó máa ń ṣe orin fún ẹgbẹ́ akọrin, fi ọ̀nà míì hàn lọ́dún 2010: ẹni 185 láti orílẹ̀-èdè 12, kálukú wà nílé ẹ̀, ó kọ ohùn tiẹ̀ nìkan síwájú kámẹ́rà, wọ́n wá kó gbogbo ẹ̀ pọ̀ ó di orin kan, nígbà tó fi máa di ọdún tó tẹ̀ lé e wọ́n ti lé ní 2,000. Kò ṣòro fún wa rárá, lílé àti ègbè la bá nílé, ẹnì kan á fi lílé ránṣẹ́, àwọn tó kù á gbè é nígbà tó bá rọ̀ wọ́n lọ́rùn.

Mo ní àbúrò kan tí ohùn ẹ̀ dùn gan-an. Tó bá fẹ́ fi vóìsì nóòtì ránṣẹ́, á tẹ máíìkì mọ́lẹ̀, á kọ orin náà dáadáa, kó tó gbé ọwọ́ kúrò á fa ìka ẹ̀ sápá òsì, ó ti pa á rẹ́ nìyẹn. Torí irú ẹ̀ la ṣe ní ohùn ẹnì kan ṣoṣo ò ní jáde. Á dúró síbẹ̀ títí tí ẹni márùn-ún á fi gbe orin náà, ìgbà yẹn la máa pò ó pọ̀, tìẹ á wà nínú ẹ̀, ìwọ nìkan lo sì mọ èyí tó jẹ́ tìẹ.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní ká fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n máa gbádùn ara wọn nínú òkùnkùn. Mi ò gbà pẹ̀lú ẹ̀. Àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀rù yìí mọ̀ pé béèyàn bá ṣe ń sá fún un tó ló ń dàgbà tó, ìtọ́jú tí wọ́n ń pè ní CBT (cognitive behavioural therapy, ìtọ́jú tó ń tún ìrònú àti ìṣe èèyàn ṣe) sì máa ń mú èèyàn sún mọ́ ohun tó ń bà á lẹ́rù díẹ̀díẹ̀. Torí náà kó o tó fi ohùn ẹ ránṣẹ́, àpótí kékeré kan á jáde, á bi ẹ́ pé "kí lo rò pé ó máa ṣẹlẹ̀?" Ọmọ á kọ ọ́ pé "wọ́n máa ní ohùn mi dà bíi ti ewúrẹ́." Tó bá di ọjọ́ mélòó kan, àpótí yẹn á padà wá, á fi ohun tó kọ hàn án, á bi í pé "kí ló wá ṣẹlẹ̀?" Òun nìkan ló máa rí i. Òun náà ló máa pinnu ìgbà tó fẹ́ bọ́ sí ìpele tó kàn, bóyá kó fi orúkọ sí i, bóyá kí ohùn ẹ̀ dá jáde, áàpù ò gbọ́dọ̀ máa tì í láti ẹ̀yìn pé "o ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé o."

Ọ̀rọ̀ dátà náà, mi ò ní fi falẹ̀: orin tó bá jẹ́ 320 kbps (ìyẹn bí dátà ẹ̀ ṣe pọ̀ tó ní sẹ́kọ́ńdì kan), nǹkan bíi MB 2.4 ló máa jẹ ní ìṣẹ́jú kan, tí a bá gé e sí 64 kbps kò ní pé ìdajì MB kan, ìyẹn la fẹ́ lò. Orin olórin, a ò ní gbà á sílé, torí ohun tó pa Groovy àti Rythm nìyẹn, àwọn bọ́ọ̀tì tó ń gbé orin láti YouTube wá sí Discord, ọdún 2021 ni YouTube dá wọn dúró.

Ààbò ló gba ọgbọ́n jù. Kò sí mẹ́sẹ́ẹ̀jì ìkọ̀kọ̀, àgbàlagbà tó ń wá ọmọdé kiri mọ̀ pé ọmọ tó dá wà ló rọrùn jù láti mú. Àwọn ọmọ ọdún 13 sí 17 ní yàrá tiwọn, àwọn 18 sókè ní tiwọn. Tọ́rọ̀ bá ju orin lọ, a ó tọ́ka ọmọ sọ́dọ̀ àwọn tó mọṣẹ́, bíi UCH n'Ìbàdàn tàbí Arò l'Abẹ́òkúta, mo sì mọ̀ pé àwọn èèyàn fi Arò ṣe èébú, bẹ́ẹ̀ àwọn dókítà gidi ló wà níbẹ̀.

Èyí tá a ṣì ń bá jà ni òfin dátà ti Nàìjíríà tí wọ́n ṣe lọ́dún 2023, ó ní òbí gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i fún ọmọdé. Ó dáa, àmọ́ òbí kan náà tó ń sọ pé ìgbéraga ló ń ṣe ọmọ yìí la fẹ́ kó fọwọ́ sí i, ọmọ náà á sì kọ́kọ́ lọ bá a sọ̀rọ̀, èyí tó jẹ́ pé ohun tí ò lè ṣe gan-an nìyẹn. A wá ń kọ lẹ́tà ojú ewé kan ní Yorùbá tí ọmọ á kàn fi ránṣẹ́ sórí fóònù màmá tàbí bàbá ẹ̀ láìsọ nǹkan kan, a ó tún kà á sí vóìsì nóòtì fún àwọn tí kì í kàwé, ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló máa kà á, torí ohùn ẹ̀ máa ń fi àwọn ìyá lọ́kàn balẹ̀.