Ṣàkì ní Lyon, ṣàkì ní Ìbàdàn

Ọdún kẹfà mi rèé ní Lyon, ìlú tí àwọn ará Faransé fúnra wọn gbà pé ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ oúnjẹ jẹ. Ilé oúnjẹ àwọn olówó kọ́ ni mo fẹ́ sọ o. Bouchon ni, ilé oúnjẹ kékeré ayé àtijọ́ tí tábìlì inú rẹ̀ kì í sábà pọ̀, tí ìgúnpá rẹ á máa kan ti ẹni tí o kò mọ̀ rí. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ wọ ọ̀kan, bẹ́ńṣì búkà tí mo ti ń jẹ àmàlà ní Mọ́kọ́lá ló sọ sí mi lọ́kàn.

Mo ka pátákó dúdú tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ oúnjẹ sí, mo bá "tablier de sapeur" níbẹ̀. Sapeur ni sójà tó ń la ọ̀nà fún ọmọ ogun, tablier sì ni awọ tó máa ń so mọ́ iwájú. Mo bi ọmọbìnrin tó ń gbé oúnjẹ pé ta ló ń jẹ awọ sójà. Ó gbá ikùn ara rẹ̀ pẹ́pẹ́. Àṣé ṣàkì ni! Wọ́n á bọ̀ ọ́, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú wáìnì funfun, wọ́n á yí i nínú ẹyin àti ẹ̀rúnrún búrẹ́dì, wọ́n á wá dín in. Ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ mi méjì. Mo gé e, mo rí ojú ihò-ihò bí afárá oyin tí mo mọ̀ láti kékeré, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kí i.

Ata ni kò sí. Mo ní kí wọ́n bá mi fi díẹ̀ sí i, ọmọ náà wò mí bí ẹni pé mo ní kí wọ́n wó ilé. Ní Ìbàdàn, ìka ni mo fi ń ra oúnjẹ: "Ìyá, ẹ yọ pọ̀nmọ́ yẹn, ẹ fi ṣàkì méjì sí i." "Ọkọ mi, méjì yìí ti tóbi jù." À ń dúnàádúrà, gbẹ̀gìrì ń kán sílẹ̀. Níbí, ẹ̀yìn ògiri ni alásè wà, ohun tó bá sè náà lo máa jẹ.

Ẹ̀wẹ̀, ìyá ni àwọn náà ń pe àwọn obìnrin tó sọ oúnjẹ ìlú yìí di olókìkí. Ọ̀pọ̀ wọn ti se oúnjẹ nílé olówó kí wọ́n tó dá tiwọn sílẹ̀. Eugénie Brazier, Mère Brazier, ṣí tirẹ̀ ní 1921. Nígbà tó di 1933, ó ti ní méjì, ìwé Michelin, tó máa ń fi ìràwọ̀ yẹ́ ilé oúnjẹ tó dára sí, sì fún méjèèjì ní ìràwọ̀ mẹ́ta-mẹ́ta. Ìyá olóúnjẹ, ìràwọ̀ mẹ́fà!

Àkókò wọn ló kọ́kọ́ fìyà jẹ mí. Mo dé ibì kan ní aago méjì kọjá ogún ìṣẹ́jú, àwọn èèyàn ṣì ń mu kọfí, wọ́n ní ilé ìdáná ti tì. Nílé, tí nǹkan bá ṣì wà ní ìsàlẹ̀ ìkòkò, wàá jẹun. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti jẹ́ kí o jókòó níbí, kò sẹ́ni tó máa lé ọ. Mo ti dúró fún ìwé owó fún ogójì ìṣẹ́jú rí, mi ò mọ̀ pé èmi ni mo gbọ́dọ̀ béèrè. Ní Mọ́kọ́lá, ẹni tó fẹ́ gba àga rẹ ti dúró sí ẹ̀yìn rẹ.

Ní ti ènì, ọbẹ̀ ni tiwa, búrẹ́dì ni tiwọn. Òfin 1967 ló ní kí búrẹ́dì àti omi ẹ̀rọ wà nínú iye oúnjẹ, nítorí náà mi ò tijú béèrè lẹ́ẹ̀kẹta. Omi inú ọ̀rá, owó la fi ń rà á nílé.

Lóṣù tó kọjá, bàbá kan àti ìyàwó rẹ̀ ń jáde lọ, bàbá ní "Bon appétit", ìyẹn ni pé kí n gbádùn oúnjẹ mi. Ẹnu mi yára jù mí lọ, mo fi Faransé dáhùn bí a ṣe ń dá ẹni tó bá ní "Mo bá ire" lóhùn: "Ẹ wá jẹun." Bàbá dúró, kò mọ ohun tó máa sọ. Ìyàwó rẹ̀ ló na ọwọ́, ó mú ọ̀dùnkún kan nínú àwo mi, ó sì ń jẹ ẹ́ lọ sí ẹnu ọ̀nà.