Orúkọ Àwọn Olórin Tí Mo Pa Rẹ́

Alẹ́ Sátidé

Aago mọ́kànlá ti lù. Màámi ti lọ sùn, ṣùgbọ́n ohùn Bàtílì Àlàkẹ́ oníwákà ṣì ń dún létí mi. Orin 49 la rí orúkọ ẹni tó kọ wọ́n lónìí. Ó ku márùn-ún.

Mo fẹ́ kọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ kó tó di pé mo gbàgbé, torí ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é.

Kásẹ́ẹ̀tì mẹ́tàlá ni Bàbá mi fúnra wọn kó orin sí. Wọ́n á yá àwo lọ́wọ́ ọ̀rẹ́, wọ́n á mú àpàlà méjì níbí, sákárà kan lọ́hùn-ún, wákà, jùjú, wọ́n á gbà wọ́n sórí kásẹ́ẹ̀tì òfìfo, wọ́n á wá fi báírò pupa kọ orúkọ tí wọ́n sọ kásẹ́ẹ̀tì náà sára rẹ̀: "Ìkómọ", "Iléyá", "Ọjọ́ Òjò". Lọ́dún 2016, mo kó gbogbo rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà. Orin 214 ni. Bàbá jókòó sórí àga wọn, wọ́n ń pe orúkọ olórin, èmi ń tẹ̀ ẹ́. Bí mo bá ń kánjú, wọ́n á ní, "Rọra. Kọ Alhaji sí i. Wọ́n ti dé láti Mẹ́kà kí wọ́n tó ṣe àwo yẹn." Ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n papò dà.

Ní oṣù tó kọjá, mo fẹ́ kí àwọn àbúrò mi máa gbọ́ àwọn orin yìí lórí fóònù wọn níbikíbi tí kálukú bá wà. Mo gbé wọn sínú ètò tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ni mo bá rí i pé kásẹ́ẹ̀tì "Ìkómọ" ti fọ́ yángá. Olórin mẹ́rìndínlógún ló wà nínú rẹ̀, ó wá di àwo mẹ́rìndínlógún, orin kan ṣoṣo nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀pọ̀ irú ètò bẹ́ẹ̀ ṣe ń ṣe nìyẹn. Orúkọ olórin àti orúkọ àwo ni wọ́n ń wò pọ̀. Bí olórin bá ti yàtọ̀, wọ́n á gbà pé àwo náà yàtọ̀. Mo ti máa ń rí "Various Artists", ìyẹn olórin oríṣiríṣi, lára àwo àkójọpọ̀, mo sì rò pé ibẹ̀ ni ojútùú wà. Mo ṣí ètò kan tí wọ́n fi ń tún táàgì ṣe, ìyẹn orúkọ olórin, orin àti àwo tó wà nínú fáìlì, mo yan gbogbo orin 214 lẹ́ẹ̀kan náà, mo tẹ Various Artists sí àyè Artist, mo sì fi í pamọ́. Kò tó ìṣẹ́jú kan. Kásẹ́ẹ̀tì mẹ́tàlá tún di mẹ́tàlá, mo lọ jẹun.

Ọjọ́ kẹta ni àbúrò mi pè láti Ìlọrin. "Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló kọ orin kẹta inú Ọjọ́ Òjò?" Mo wo fóònù: Various Artists. Mo wo ìkẹrin: Various Artists. Àyà mi já. Gbogbo orúkọ tí Bàbá fi ẹnu ara wọn pè, mo ti pa á rẹ́ pátá. Mi ò ní ẹ̀dà míì. Páálí tí wọ́n kọ orúkọ sí nínú kásẹ́ẹ̀tì ti bómi lọ lọ́dún tí òjò wọ ìyàrá ẹ̀yìn. Mi ò lè sọ ọ́ fún Màámi fún odidi ọ̀sẹ̀ kan.

Ohun tó yẹ kí n ṣe kò le rárá, òun ló sì dùn mí jù. Àyè méjì ni fáìlì orin ní fún orúkọ. Artist ni ti ẹni tó kọ orin yẹn gan-an. Album Artist ni ti àwo lápapọ̀, òun ló ń so orin pọ̀ kó má baà fọ́n ká. Èyí tó yẹ kí n kọ nǹkan sí ni Album Artist, kí n sì fi àmì Compilation, ìyẹn àkójọpọ̀, sí 1. Nínú ID3, ìlànà tí wọ́n fi ń kọ táàgì sínú fáìlì MP3, TPE1 ni wọ́n ń pe ti àkọ́kọ́, TPE2 ni ìkejì. Tí ẹ bá ka ìlànà wọn, ẹgbẹ́ tó ń gbe olórin lẹ́sẹ̀ ni wọ́n ya TPE2 sọ́tọ̀ fún, kí àwọn èèyàn tó sọ ọ́ di ti àwo. Ó wù mí pé kó ṣì rí bẹ́ẹ̀, torí nínú orin tiwa, ta ló ń dárúkọ olórin láìdárúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀?

Ìrètí dé lálẹ́ ọjọ́ kan tí mo ń kà nípa bí MP3 ṣe rí. ID3 àtijọ́, ìyẹn ID3v1, èyí tí Eric Kemp ṣe ní 1996, ìparí fáìlì ló máa ń wà, nínú báìtì 128 tó gbẹ̀yìn. ID3v2 tó dé ní 1998 kì í sábà gbé ibẹ̀, iwájú fáìlì ló ń jókòó sí. Ètò tí mo fi ba nǹkan jẹ́, iwájú nìkan ló kọ nǹkan sí. Mo ṣí Mp3tag, ètò kan tí wọ́n fi ń ka táàgì, mo yí i kó má ka ID3v2 mọ́, kó ka ID3v1 nìkan. Orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo sunkún, mi ò purọ́.

Ṣùgbọ́n ID3v1 kò gbà ju lẹ́tà 30 lọ fún orúkọ olórin. "Alhaji Sikiru Ayinde Barrister" wọ inú rẹ̀ géérégé, lẹ́tà 30 gan-an pẹ̀lú àlàfo àárín rẹ̀. "King Sunny Ade and His African" ni mo bá, Beats ti já sọnù. Hárúnà Ìṣọ̀lá di "Alhaji Haruna Ishola and His A". Mo wo "A" yẹn títí. Bàbá ti pe gbogbo rẹ̀ délẹ̀, Apala Group, mo sì rántí pé wọ́n dúró kí n tẹ̀ ẹ́ tán. Mo parí gbogbo èyí tó já. Orin 160 ló ti ibẹ̀ padà wá. 54 kò ní nǹkan kan lẹ́yìn, torí ètò míì ni mo fi kọ tiwọn.

Ìdí nìyẹn tí mo fi jẹ́wọ́ fún Màámi láàárọ̀ yìí. Wọn ò bínú. Wọ́n ní kí n gbé e wá, kí n sì yí ohùn rẹ̀ sókè.

Mo rò pé wọ́n á máa gbọ́ orin látòkè délẹ̀ ni. Rárá o. Kí àkọ́kọ́ tó dún tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, "Yusufu ni. Bàbá l'Ẹ́gbà." Wọn ò la ojú. Ìkejì, ìkẹta, bẹ́ẹ̀ náà. Àpàlà kan wá dé tí ariwo kásẹ́ẹ̀tì bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fẹ́ fò ó. "Àbẹ̀ní, má tíì pa á. Onítọ̀hún á sọ ara rẹ̀." A dúró. Ìlù ń lọ. Ó ti tó ìṣẹ́jú mẹ́rin kí olórin tó ké sí Adéwọlé pé kó lù ú. Màámi pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. "Àyìnlá ni! Adéwọlé ni onílù rẹ̀." Mo kọ Àyìnlá Ọmọwúrà sí i. Lẹ́yìn ìyẹn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́tí sí i lọ́nà míì. Àwọn olórin yìí ń dárúkọ ara wọn, wọ́n ń dárúkọ onílù, wọ́n ń dárúkọ ìlú wọn àti ẹni tó gbé wọn lọ ṣe àwo. Orúkọ tí mò ń wá kiri nínú báìtì wà nínú orin látilẹ̀ wá.

Nǹkan kan dí wa lọ́wọ́ fún bí wákàtí kan. Mo ti pinnu láti fi àmì ohùn sórí gbogbo orúkọ, ni Hárúnà Ìṣọ̀lá bá di méjì nínú àkójọ, orin mọ́kànlá lábẹ́ ọ̀kan, méje lábẹ́ èkejì. Mo wò wọ́n títí, mi ò rí ìyàtọ̀. Lẹ́tà "ọ̀" ló fà á. Kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tirẹ̀ nínú Unicode, ìlànà tó ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà lójú kọ̀ǹpútà. Ẹ lè kọ ọ́ bí ọ tí wọ́n fi àmì ìsàlẹ̀-ohùn lé lórí, ẹ sì lè kọ ọ́ bí ò tí wọ́n fi àmì sí lábẹ́. Fóònù mi kọ ọ̀kan, láptọ́ọ̀pù kọ èkejì. Lójú wa bákan náà ni, lójú kọ̀ǹpútà èèyàn méjì ni. Mo kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo sì ṣe àdàkọ rẹ̀ sí ara gbogbo ìyókù. Ẹ̀yin tí ẹ bá ń fi àmì sórí orúkọ olórin yín, ẹ ṣọ́ ibẹ̀ dáadáa.

Sí àyè Album Artist, mi ò kọ Various Artists. "Àkójọ Bàbá" ni mo kọ sára kásẹ́ẹ̀tì mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlá. Mo ti ṣe ẹ̀dà méjì báyìí, ọ̀kan sórí flash, ọ̀kan lọ́dọ̀ àbúrò mi.

Nínú márùn-ún tó kù, ọ̀kan ń da Màámi láàmú. Obìnrin ló ń kọ ọ́, kì í ṣe Bàtílì. Wọ́n mọ orin náà dé orí ègbè, wọ́n ń bá a lọ, ṣùgbọ́n orúkọ kò wá sí wọn lẹ́nu. Ibi ìkómọ kan ní Ìpẹru ni wọ́n ti gbọ́ ọ, kí àwọn àti Bàbá tó fẹ́ra. Mo fi àyè Artist sílẹ̀ lófìfo. Sí àyè Comment, mo kọ ohun tí wọ́n sọ: ìkómọ, Ìpẹru, obìnrin. Màámi ní bí ilẹ̀ bá ti mọ́, kí n pe Ìyá Sìfáwù ní Ìjẹ̀bú-Igbó, tí wọ́n jọ ń tẹ̀lé oníwákà kiri nígbà ọmọge, kí n sì gbé fóònù sẹ́nu láptọ́ọ̀pù kí wọ́n lè gbọ́ ọ.