Ọyẹ́ ti dé, ẹ má kó ìgbẹ́ adìẹ kún omi Moina

Bí ọyẹ́ bá ti mú ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), táńkì tí Moina, ẹ̀dá wínníwínní inú omi tí ọmọ ẹja ń jẹ, kún bámúbámú lọ́sẹ̀ tó kọjá á ṣàdédé dá, ìyẹn ni pé Moina inú rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń sin ọmọ ẹja àrọ̀ á ní ebi ló ń pa Moina, wọ́n á tún da ìgbẹ́ adìẹ sí i kí oúnjẹ Moina lè pọ̀ nínú omi. Ìgbẹ́ yẹn ló sábà máa ń pa Moina, kì í ṣe òtútù.

Moina fẹ́ràn omi tó wà láàárín 24 sí 31 °C. Níbẹ̀, abo nìkan ń bímọ láìsí akọ. Bí omi bá tutù, tí oúnjẹ ò tó, tàbí tí wọ́n fún pọ̀ jù, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í bí akọ, abo á sì gbé ẹyin mìíràn, ẹyin dúdú eléèpo líle tó jókòó sẹ́yìn rẹ̀ bí gàárì sẹ́yìn ẹṣin. Ẹyin yìí kì í pa kíákíá. Ó lè gbẹ mọ́ ẹrẹ̀ fún oṣù púpọ̀, kó wá pa nígbà tí omi bá padà. Bẹ́ẹ̀ náà ni Daphnia, ìbátan rẹ̀, ń ṣe nínú adágún ilẹ̀ Yúróòpù àti Kánádà. Yìnyín ń bo omi lójú lọ́hùn-ún, àmọ́ omi tó wà ní 4 °C ló wúwo jù, ìyẹn ni ìsàlẹ̀ kì í fi í dì. Bí òjò dídì bá tún bo yìnyín náà, ìmọ́lẹ̀ ò ní wọlé, ewéko wínníwínní tí wọ́n ń jẹ á sì dínkù.

Kẹ́ ẹ tó fi ohunkóhun kún omi, ẹ bù ú sínú ife gíláàsì láàárọ̀, kẹ́ ẹ gbé e sójú oòrùn. Bí Moina inú rẹ̀ bá ń ta pọ́ún pọ́ún, tí ara wọn mọ́, ó dáa. Bí wọ́n bá pupa, atẹ́gùn inú omi ti dínkù nìyẹn. Bí gàárì dúdú bá wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ wọn, ẹ má retí ọmọ mọ́.

600 gíráàmù ìgbẹ́ adìẹ gbígbẹ tó fún kúbíkì mítà omi kan. Lásìkò ọyẹ́, ìdajì rẹ̀ ni mo fara mọ́. Ẹ dì í sínú àpò kẹ́ ẹ lè fà á jáde. Òtútù kì í jẹ́ kí ìgbẹ́ tètè jẹrà, eruku sì ń bo oòrùn. Ẹni tó bá ń dà kún un, ọjọ́ tí oòrùn bá ràn ni gbogbo rẹ̀ á jẹrà pọ̀. Omi á dúdú, á máa rùn, tó bá fi máa di ìdájí, ìgbà tí atẹ́gùn omi kéré jù, wọ́n á ti kú. Ẹ jẹ́ kí omi jìn tó 60 sẹ̀ǹtímítà, nítorí omi tí kò jìn ń tètè tutù lóru. Ẹ fi ọ̀rá bò ó lálẹ́, kẹ́ ẹ fi àlàfo sílẹ̀.

Ẹ má sì lọ bu Moina tẹ́ ẹ máa fi ṣe irú nínú ọ̀sà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí ìkún omi odò Wémè bá ti lọ, omi iyọ̀ ń gba Kútọnu wọ adágún Nokoué títí dé ọ̀sà Àjàṣẹ́, Moina ò sì gba iyọ̀. Omi kànga ni kẹ́ ẹ lò.

Bí táńkì bá dá pátápátá, ẹ má da ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ nù. Ẹ sá a síbòòji, kẹ́ ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú ìkòkò. Bí ọyẹ́ bá kásẹ̀ nílẹ̀, ẹ da omi tuntun lé e.